Ìlú tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́nu àwọn agbábọ́ọ̀lù

Kò sí ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù ní Pobè tàbí ní Sakété tí kò mọ Vinícius Júnior. Ọ̀pọ̀ wọn ló wà níwájú tẹlifíṣàn ní ọjọ́ 21, oṣù Èbìbí, ọdún 2023, nígbà tí ọmọ Bùràsíìlì náà dúró lẹ́yìn ilé góòlù ní pápá Mestalla ní ìlú Valencia, tó ń nàka sí àwọn tó ń pè é ní ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ yìí kan náà pé ta ni Adebowale Ogungbure, wọn yóò kàn máa wò yín lójú ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ wa ni. Orúkọ rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀ ní ọjà wa: adé bọ̀ wálé.

A fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín lónìí ni ti àwọn ìlú tí orúkọ wọn ti bàjẹ́ lẹ́nu àwọn agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, àti ti ẹni tó ba orúkọ náà jẹ́ gan-an.

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Adebowale sí ní ọdún 1981. Bọ́ọ̀lù ló gbé e dé Jámánì. Ó wà ní Nürnberg, ó wà ní Energie Cottbus, nígbà tó sì di ọdún 2006, ẹgbẹ́ Sachsen Leipzig ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, ní ìpele kẹrin líìgì wọn. Kì í ṣe ibi tí kámẹ́rà pọ̀ sí, kì í sì í ṣe ibi tí owó ti ń ya bí omi. Ní ọjọ́ 25, oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Halle, tí kò jìnnà sí Leipzig. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn kan nínú èrò ń dún bí ọ̀bọ. Nígbà tí fèrè ìparí dún, tí èèyàn rò pé ó ti tán, àwọn kan já wọ inú pápá. Wọ́n tutọ́ sí i lára. Wọ́n bú u ní èébú tí a kò ní kọ síbí, torí àwọn ọmọdé ń ka ojú ìwé yìí.

Adebowale kò gbá ẹnikẹ́ni létí. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ìka méjì lé ètè òkè bí irunmú Hitler, ó sì na apá kejì sókè bí àwọn ọmọlẹ́yìn ọkùnrin náà ṣe máa ń kí i nígbà ayé rẹ̀. Èyí ni pé: ẹ̀yin rèé, mo ti mọ̀ yín. Inú bí wọn. Ẹnì kan fi ọ̀pá àsíá igun pápá lù ú láti ẹ̀yìn, ẹlòmíràn fún un lọ́rùn, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó yọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ó dùn wá jù. Òfin Jámánì kò gba irú ìkíni bẹ́ẹ̀ láyè, nítorí náà, Adebowale fúnra rẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò ìjọba dojú ìwádìí kọ. Wọ́n pa ìwádìí náà tì láìpẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí itọ́ ń ṣàn lára rẹ̀, òun ni wọ́n ń wò bí ọ̀daràn.

Nílùú tó ti wá, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ. Àwọn alátìlẹ́yìn Sachsen Leipzig kun ojú wọn ní dúdú, wọ́n ya àwòrán, wọ́n sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé "Àwa ni Adé". Bóyá kì í ṣe irú nǹkan tí àwa ìbá ṣe nìyẹn. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan kì í fẹ́ kí òyìnbó kun ojú ní dúdú rárá, a sì mọ ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ rò ó wò. Àwọn èèyàn tí kò sí ẹni tó bú wọn, tí wọ́n lè jókòó sílé wọn kí wọ́n máa mu bíà, ni wọ́n jáde pé ẹni tí wọ́n bú yẹn, àwa ni. Ìlú méjì tí ọkọ̀ ń rìn láàárín wọn kí oúnjẹ tó jinná lórí iná ni Halle àti Leipzig. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.

Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, tí gbogbo ayé ń múra láti lọ gbá Ife Àgbáyé ní Jámánì, ọkùnrin kan tó ti jẹ́ agbẹnusọ ìjọba ibẹ̀ rí, Uwe-Karsten Heye, sọ lórí rédíò pé àwọn ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Brandenburg àti níbòmíràn tí òun kò ní gba ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ níyànjú pé kó lọ, torí ó lè má jáde níbẹ̀ láàyè. Kí ni àwọn aláṣẹ Brandenburg ṣe? Wọ́n yarí mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ó ba àwọn lórúkọ jẹ́. Bí ẹni tó sọ pé ilé ń jó ló dáná sun ilé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ ìlú ló ń ki ìlú rẹ̀. Kò sí ìlú tí oríkì rẹ̀ kò dùn, torí onílé ló ń kì í. Ṣùgbọ́n orúkọ burúkú, àlejò ló máa ń fún ìlú, onílé ló sì máa ń gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Cagliari ni ìlú kejì tí a fẹ́ kí ẹ bá wa wò, ní erékùṣù Sardinia ní Ítálì. Ní ọdún 2010, rẹfirí dá bọ́ọ̀lù dúró níbẹ̀ nítorí igbe ọ̀bọ tí wọ́n ń ké sí Samuel Eto'o. Nígbà tí eré tún bẹ̀rẹ̀, Eto'o gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, góòlù kan ṣoṣo yẹn ni Inter fi borí. Ní ọjọ́ 30, oṣù Igbe, ọdún 2017, ó kan Sulley Muntari, ọmọ Gánà, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Pescara. Ó lọ bá rẹfirí pé wọ́n ń bú òun. Rẹfirí fún un ní káàdì yẹ́lò. Ó bínú jáde kúrò lórí pápá, wọ́n fi ìkejì kún un, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó fagi lé ìjìyà náà. Ẹgbẹ́ Cagliari ńkọ́? Wọn kò jẹ wọ́n níyà. Àwọn tó dá ẹjọ́ náà ní àwọn tó ké igbe yẹn kò ju bí ẹni mẹ́wàá lọ, wọn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èrò tó wà níbẹ̀.

Ẹni mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ẹni mẹ́wàá yìí díẹ̀, torí òun ni gbogbo ìlú tí orúkọ rẹ̀ bá bàjẹ́ máa ń fà yọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò ni ọ̀rọ̀ yìí yóò yé jù. Ọjà kan wà tí wọ́n ti ń fi òṣùwọ̀n èké wọn àgbàdo àti gàrí fún èèyàn. Ṣé gbogbo òǹtajà ibẹ̀ ló ń jí èèyàn lówó ni? Rárá o. Ó lè jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó kù bá mọ àwọn mẹ́ta náà, tí ìyálọ́jà mọ̀ wọ́n, tí wọ́n ń kí ara wọn láràárọ̀, tí kò sì sí ẹni tó gba igbá èké náà lọ́wọ́ wọn, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kò ní délé kó sọ pé "ẹni mẹ́ta kan wà ní ọjà yẹn". "Ẹ má lọ sí ọjà yẹn" ni yóò sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì burú. Kò mọ ojú àwọn mẹ́ta náà yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n rẹ́ òun jẹ lójú gbogbo ọjà, ọjà sì ń tà á lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Cagliari. Ọdún méjì lẹ́yìn Muntari, ní oṣù Igbe ọdún 2019, ó kan Moise Kean, ọmọ Ítálì fúnra wọn. Nígbà tó gbá góòlù, ó na apá rẹ̀ méjèèjì níwájú àwọn tó ń bú u. Leonardo Bonucci tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní Juventus sọ lọ́jọ́ náà pé ẹ̀bi náà, ìlàjì ti Kean, ìlàjì ti èrò ni, kó tó wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe nígbà tí gbogbo ayé dà á síta. Nígbà tó di oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún kan náà, ó kan Romelu Lukaku, nígbà tó fẹ́ gbá pẹnáritì. Wọn kò tún jẹ Cagliari níyà. Àwọn ògbóǹtarìgì alátìlẹ́yìn Inter, ẹgbẹ́ Lukaku fúnra rẹ̀, wá kọ lẹ́tà sí i pé igbe yẹn kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, pé wọ́n kàn ń fi da ọkàn ọ̀tá rú ni. Àwàdà ni, ẹ má bínú. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ ó rí i pé nǹkan kan ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ní ìlú Guimarães ní orílẹ̀-èdè Pọ́túgàl, ní ọjọ́ 16, oṣù Èrèlé, ọdún 2020, Moussa Marega, ọmọ Mali, jáde kúrò lórí pápá nítorí èébú ọ̀bọ. Ẹgbẹ́ ìlú náà gan-an ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún tẹ́lẹ̀. Àwọn tó jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní Porto dì í mú pé kó má lọ, ó já ara rẹ̀ gbà, ó lọ. Òun náà gba káàdì yẹ́lò lọ́jọ́ náà. Vinícius ní Valencia gba káàdì pupa, kí wọ́n tó fagi lé e. Muntari, Marega, Vinícius, Adebowale: ẹni tí wọ́n bú ni ìyà kọ́kọ́ bá, ibi yòówù kó jẹ́. Lójú tiwa, ohun tó ń ba orúkọ ìlú jẹ́ jù lọ nìyẹn. Ẹni mẹ́wàá lè ya wèrè níbikíbi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó di fèrè mú, ẹni tó di ìwé mú àti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó jókòó bá fi ẹni mẹ́wàá náà sílẹ̀, tí wọ́n wá kọjú sí ẹni tó ń sunkún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́wàá mọ́.

A gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀tọ́ fún Valencia pẹ̀lú. Carlo Ancelotti, akọ́nimọ̀ọ́gbá Real Madrid nígbà náà, sọ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù pé gbogbo pápá ló pe Vinícius ní ọ̀bọ. Àwọn ará Valencia ní rárá, ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ létí, tó túmọ̀ sí "òmùgọ̀", ni ọ̀pọ̀ wọn ń ké. Ancelotti tọrọ àforíjì, ó ní kì í ṣe gbogbo pápá. Ó ṣe dáadáa, torí òótọ́ ni òótọ́. Wọ́n ti apá kan pápá náà fún bọ́ọ̀lù mẹ́ta, wọ́n sì gba owó ìtanràn 27,000 yúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún fàránkì wa. Owó ńlá ni ní Sakété, kò jẹ́ nǹkan fún ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó já mọ́ nǹkan ni ti oṣù Òkúdù ọdún 2024: ilé ẹjọ́ kan ní Valencia dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó bú u, wọ́n sì ní wọn kò gbọdọ̀ wọ pápá fún ọdún méjì. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Sípéènì lórí ọ̀rọ̀ inú pápá bọ́ọ̀lù. Ní ìlú Valencia fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gba igbá èké lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta.

Ẹnì kan lè sọ pé òyìnbó nìyẹn, kí ló kàn wá? Ó kàn wá lọ́nà tó ju ẹyọ kan lọ. Jordan Adéoti, Razak Omotoyossi, Tosin Aiyegun, Junior Olaïtan: ẹ gbọ́ orúkọ àwọn tó ti wọ aṣọ orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ ilé wa ni wọ́n, ìlú òkèèrè sì ni iṣẹ́ wọn ti gbé wọn dé. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ mìíràn ń bẹ tí wọ́n ń sáré lórí ilẹ̀ pupa wa ní ìrọ̀lẹ́, tí bàbá wọn ti ń ronú àtita ilẹ̀ kí ọmọ lè lọ. Bí ẹnì kan bá wá bá yín pé òun rí ẹgbẹ́ fún ọmọ yín, ẹ má bèèrè iye owó nìkan. Ẹ bèèrè orúkọ ìlú náà. Ẹ ní kó wá ọmọ aláwọ̀ dúdú kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kí ẹ gbọ́ láti ẹnu rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé àwọ̀ funfun ló ń bí ìwà yìí. Ní ọdún 1958, ní Abidjan, wọ́n kọlu àwọn bàbá wa tí wọ́n ń pè ní ará Dahomey nígbà náà, àti àwọn ará Togo, wọ́n lé wọn kúrò nílé àti lẹ́nu iṣẹ́. Dúdú ló lé dúdú. Ní ọdún 1993, bọ́ọ̀lù gan-an ló dá a sílẹ̀. ASEC ti Abidjan lọ bá Asante Kotoko gbá ní Kumasi, ìròyìn dé Abidjan pé wọ́n lu àwọn alátìlẹ́yìn ASEC níbẹ̀, ni àwọn èèyàn bá tú jáde sórí àwọn ará Gánà tó ń gbé láàárín wọn. Oníṣòwò, alágbàṣe, ẹni tí kò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù yípo, gbogbo wọn ló jẹ nínú rẹ̀. Ó lé ní ogún èèyàn tó kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì di ẹrù wọn padà sílé. Lónìí, àwọn ará wa ń tajà ní Abidjan, Ife Ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n parí níbẹ̀ ní oṣù Èrèlé ọdún 2024 sì kó gbogbo wa jọ. Orúkọ máa ń yí padà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà kan ṣì wà tí wọn kò ní gbàgbé.

Àwa ńkọ́, níhìn-ín?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ wo ìdíje bọ́ọ̀lù àkókò ìsinmi ní abúlé kan ní agbègbè wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó lè jẹ́ abúlé yín. Ọmọ Fúlàní kan wà nínú ẹgbẹ́ tó wá láti ìta. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá gan-an. Bó bá ti gba bọ́ọ̀lù báyìí, apá kan èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi màlúù. Àwọn ọmọdé gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí ó fi fi aṣọ nu ojú. Rẹfirí gbọ́, ó ń sáré lọ. Bàbá tó jókòó sórí àga àlejò pàtàkì gbọ́, ó ń mi ẹsẹ̀. Àwa náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Ẹnì kan nínú wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a kọ ìròyìn lọ́jọ́ kejì, a kọ iye góòlù, a kọ orúkọ ẹni tó gba ife, a kọ orúkọ ẹni tó gbé owó kalẹ̀. A kò kọ ohùn màlúù.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní màlúù ti jẹ oko àwọn, pé ẹni tí wọ́n bá ba àgbàdo rẹ̀ jẹ́ kò lè máa rẹ́rìn-ín sí Fúlàní. Oko tí màlúù jẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Àwọn ìdílé kan jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Olórí abúlé wà, ilé ìjọba wà, ibẹ̀ ni ẹjọ́ oko ń lọ. Ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn kò da màlúù wọ oko ẹnikẹ́ni. Àwọn tó bá sì ní àwàdà lásán ni, kí wọ́n rántí lẹ́tà tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Òfin FIFA ti wà fún un: rẹfirí á kọ́kọ́ dá eré dúró, wọ́n á kéde, bí igbe náà bá tún wáyé, á kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọlé fún ìgbà díẹ̀, bí wọn kò bá gbọ́, á fòpin sí i pátápátá. Ní ìpàdé FIFA ní Bangkok, ní oṣù Èbìbí ọdún 2024, wọ́n tún fi àmì kan lélẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù: kó fi ọrùn ọwọ́ kan dábùú èkejì, kó gbé e sókè, rẹfirí á mọ̀ pé wọ́n ń bú u nítorí ìran tàbí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní àmì yìí kí ìsinmi tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje, ẹ pe àwọn rẹfirí yín jọ ṣáájú, ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá dá eré dúró nítorí èyí, ẹ wà lẹ́yìn wọn, kódà bí ẹgbẹ́ abúlé yín ló ń borí. Ẹ̀yin onílù, ẹ lè mú ìlù le nígbà tí igbe burúkú bá bẹ̀rẹ̀. A ti rí i tí ìlù bo ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́lẹ̀.

Àkókò ìdíje mìíràn ń bọ̀ ní Pobè, ní Sakété àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká. A ó wá, pẹ̀lú ìwé àti bírò wa. Bí ohùn màlúù bá tún dún, a ó kọ ọ́, a ó sì kọ orúkọ abúlé náà lọ́tẹ̀ yìí.